Oṣù Tí Wọn Kì Í Gba Iwájú Ilé Sakaráyà

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18 Oṣù Kẹfà

Tísà Lucy ní kí n bẹ̀rẹ̀. Mo ní kí n bẹ̀rẹ̀ níbo? Ó ní kí n sọ ohun tí mo jẹ lónìí àti bí inú mi ṣe rí, òun á kọ ọ́ sílẹ̀. Èmi kò mọ̀wé. Òun ni tísà tó gba yàrá iwájú nílé mi. Kò gbọ́ èdè Ọ̀kà ìlú wa, nítorí náà Yorùbá ni mo fi ń sọ ọ́ fún un.

Nọ́ọ̀sì Safinat ló ní ká máa ṣe é. Lánàá mo ṣubú lẹ́bàá títì ní Ìwárò, wọ́n gbé mi lọ sí ilé ìwòsàn. Wọ́n yẹ̀ mí wò títí. Nọ́ọ̀sì ní òun kò rí àrùn kankan, ikùn mi ló ṣófo. Ojú àwọn obìnrin tó gbé ọmọ wá gba abẹ́rẹ́ ló ti sọ ọ́. Ọmọ àgbẹ̀, tí òun náà jẹ́ àgbẹ̀, ẹni ọdún méjìléláàádọ́rin, ebi gbé e ṣubú bí ẹni tí kò ní ilé.

Nọ́ọ̀sì bi mí pé, "Bàbá, ta ló ń se oúnjẹ fún yín?"

Mo ní ìyàwó mi ni.

"Àwọn ìyá dà?"

Mo ní ó lọ kí àbúrò rẹ̀ ní Ìkàrẹ́. Irọ́ ni. Tísà mọ̀ pé irọ́ ni, ó sì dá kálàmù dúró. Kọ ọ́, Tísà. N kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n mo mọ ìgbà tí ẹni tó ń kọ̀wé bá dákẹ́.

Mo jẹ obì kan láàárọ̀. Mo mu omi. Mo jẹ àgbàdo sísun méjì lọ́sàn-án. Inú mi kò dára, kò burú.


Ọjọ́bọ̀, 20 Oṣù Kẹfà

Òjò láti ìdájí. Ìkùukùu bo àwọn àpáta, a kò rí orí òkè títí di ọ̀sán.

Tísà gbé ẹ̀bà àti ọbẹ̀ ẹ̀gúsí wá fún mi. Mo ní kí ó gbé e padà. Ó ní, "Bàbá, Nọ́ọ̀sì ní kí ẹ jẹun gidi." Mo ní kí Nọ́ọ̀sì wá jẹ ẹ́.

Gbogbo ayé mọ̀ pé n kì í jẹ ẹ̀bà. Iṣu àná, èyí tí a wa léṣìí, tán nínú àká mi lópin oṣù karùn-ún. Iṣu tuntun ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wa, ṣùgbọ́n n kò lè fẹnu kàn án títí wọn yóò fi gbé ti ìdúpẹ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní oṣù kẹjọ. Ẹ̀jẹ́ bàbá mi nìyẹn, mo sì jogún rẹ̀ bí mo ṣe jogún oko. Ti gààrí ni èmi fi kún un fúnra mi. Lọ́jọ́ tí mo gbéyàwó ni mo ti sọ ọ́ níwájú àwọn àna mi pé ẹni tó bá ní ebè iṣu kì í jẹ gààrí, pé oúnjẹ ẹni tí kò lóko ni. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Láti ìgbà náà, lọ́dọọdún, láàrin iṣu tó tán àti iṣu tó ń bọ̀, àgbàdo àti obì ni mo fi ń gbé ara ró.

Àgbàdo kan lónìí. Obì méjì. Inú mi kò fẹ́ ariwo.


Ọjọ́ Àìkú, 23 Oṣù Kẹfà

Mo lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn obìnrin ẹgbẹ́ ìyàwó mi ń wo ìwé orin nígbà tí mo kọjá, bẹ́ẹ̀ wọn kò tíì pe orin kankan.

Ó dára, kí n sọ ọ́. Christiana ìyàwó mi kò lọ kí ẹnikẹ́ni. Lọ́jọ́ Àìkú kejì oṣù yìí, ó ro ẹ̀bà, ó se ilá pẹ̀lú ẹja gbígbẹ, ó gbé e síwájú mi. Méjì nínú ẹgbẹ́ rẹ̀ jókòó sí pálọ̀, Ìyá Happiness àti ẹnìkejì rẹ̀, wọ́n wá sọ̀rọ̀ ìkórè. Ó rọra sọ fún mi pé, "Bàbá Bọ̀dé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí panu, ẹ ti rù jù." Mo gbé àwo náà, mo lọ sẹ́nu ọ̀nà, mo dà á fún adìyẹ. Mo sì sọ ọ̀rọ̀ kan sí i. Má kọ ọ̀rọ̀ náà, Tísà.

Kò sunkún. Ó kó àwo, ó fọ̀ ọ́. Ọjọ́ kejì ni ó wọ ọkọ̀ Ìkàrẹ́.

Ọdún mẹ́tàlélógójì ni a ti fẹ́ ara wa, kò sì jáde nílé mi rí. N kò tíì lọ wò ó. Òun ló jáde, òun ni kí ó padà.

Mo jẹ ẹ̀kọ tútù kan. Inú ń bí mi sí olórí ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì, n kò sì mọ ohun tó ṣe.


Ọjọ́rú, 26 Oṣù Kẹfà

Obì nìkan. Mo bú Tísà pé kò fi omi sí ìkòkò. Omi wà nínú ìkòkò. Ó ní òun ti kọ ọ́.


Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 29 Oṣù Kẹfà

Oyèbọ̀dé ọmọ mi pè láti Àbújá. Ó bi mí nípa ara mi, ó bi mí nípa oko. Nígbà tó yá, ó ní, "Bàbá, màámi ní kí n bá àwọn ra bẹ́ẹ̀dì sí Ìkàrẹ́."

Mo ní bẹ́ẹ̀dì kí ni?

"Bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n máa sùn lé. Wọ́n ní ẹní ń dùn wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́."

Mo pa fóònù. Ẹni tó lọ kí àbúrò kì í ra bẹ́ẹ̀dì.

Wọ́n ń ta iṣu àná kan ṣoṣo ní ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà ní ọjà Ìkàrẹ́, àní èyí tí wọ́n ti gé orí àti ìdí rẹ̀. N kò lè rà á. Kí n máa ra iṣu lọ́jà, èmi?

Àgbàdo kan. Mi ò mọ bí inú mi ṣe rí. Kọ bẹ́ẹ̀.


Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 2 Oṣù Keje

Mo ká Yínúsà mọ́ ẹ̀yìnkùlé mi láàárọ̀ yìí. Ẹ̀gbẹ́ oko mi ni oko tirẹ̀ wà, a ti jọ ń kọ ebè láti ìgbà tí a ti ní irun lórí. Ó ká ṣòkòtò sókè, ó ń yọ́ rìn láàrin ewé kókò tó rin gbingbin.

Mo ní, "Yínúsà! Kí ló dé tí o ń rìn bí olè?"

"Háà, Sakaráyà. O ti jí?"

"Oòrùn ti yọ tán, o ní mo ti jí? Ọ̀nà wà níwájú ilé, ẹ̀yìn lo gbà."

"Ọ̀nà ẹ̀yìn yá."

"Ìràwé àti ẹrẹ̀ ló yá?"

Ó dúró. Ó fi ọkọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Ṣé kí n sọ òótọ́ àbí kí n máa lọ?"

Mo ní kí ó sọ ọ́.

Ó ní, "Oṣù rẹ ti wọlé ni."

"Oṣù wo?"

"Oṣù Sakaráyà. Ṣé o kò mọ̀ ni? Tí iṣu àná bá ti tán báyìí, kò sẹ́ni tó ń gba iwájú ilé rẹ kọjá. Ẹni tó bá kí ọ, o ó bú u. Ẹni tí kò bá kí ọ, o ó pè é padà kí o lè bú u. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀. Àwọn tó ń wa kẹ̀kẹ́ mọ̀. Tí ìdúpẹ́ iṣu bá ti kọjá, a máa padà sójú ọ̀nà."

Mo bi í láti ìgbà wo.

"Ó máa pé ọgbọ̀n ọdún." Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó ń wo ọwọ́ mi bóyá mo mú igi. "Àwa Mùsùlùmí náà ń gbààwẹ̀, Sakaráyà. Tí oòrùn bá wọ̀, a ó fi omi àti èso ṣínu. Tìrẹ, oṣù méjì gbáko, ìjà lo fi ń ṣínu."

Ó gbé ọkọ́ rẹ̀, ó gba ẹ̀yìnkùlé lọ.

Àwọn ènìyàn ti ń fi ẹ̀yìnkùlé mi ṣe títì fún ọgbọ̀n ọdún. Mo máa ń rí ipa ẹsẹ̀ níbẹ̀. Mo rò pé ewúrẹ́ ni.


Ọjọ́bọ̀, 4 Oṣù Keje

A gbé ìwé yìí lọ fún Nọ́ọ̀sì. Tísà ti ṣe àmì sí i nítorí mi: ó fi bírò pupa ṣe òǹtẹ̀ róbótó sí gbogbo ọjọ́ tí mo bú ẹnìkan. Nọ́ọ̀sì fi ìka tọ́ wọn fún mi.

"Bàbá, ẹ wò ó. Ọjọ́ yìí, àgbàdo méjì, ẹ̀kọ, kò sí àmì. Ọjọ́ yìí, obì nìkan, àmì méjì. Èyí, obì nìkan, àmì mẹ́ta. Oúnjẹ tí kò sí nínú ikùn, orí ló ń gbà á. Obì tí ẹ ń jẹ lé òfìfo yẹn, àyà yín ló ń gbá kiri."

Mo ní ṣé ó túmọ̀ sí pé ọlọ́kàn burúkú kọ́ ni mí?

Ó ní, "Èmi kò mọ ìyẹn o, Bàbá. Èmi mọ̀ pé ebi ń pa yín."

Nínú ọkọ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í rántí. Akínlọ́lá àbúrò mi, mo lé e kúrò lórí ilẹ̀ bàbá wa nítorí ààlà tí kò ju ẹsẹ̀ méjì lọ, títí ó fi kú ní Ọ̀wọ̀ a kò sọ̀rọ̀. Ìgbà wo ni? Ìgbà tí àgbàdo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbó. Kátíkíìsì tí mo fà ní aṣọ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Oṣù keje. Ọmọ mi tí mo sọ fún pé kí ó má mú ọmọbìnrin tó ń fẹ́ wá sílé mi mọ́. Oṣù keje. Mo ti ń pe gbogbo rẹ̀ ní òtítọ́ inú. Mo máa ń sọ pé èmi kì í fi ọ̀rọ̀ pamọ́ sábẹ́ ahọ́n.

Kí ló máa ń ṣe mí ní oṣù kọkànlá tí iyán bá wà, tí n kì í rí ohun tí mo lè bínú sí?


Ọjọ́ Ẹtì, 5 Oṣù Keje

Mo ní kí Tísà ro ẹ̀bà fún mi, kí ó fi ẹ̀wà tì í. Mo ti ilẹ̀kùn. Mo ti fèrèsé pẹ̀lú. Ooru mú mi. Mo jẹ ẹ́ tán.

Ó dùn. Ohun tó ń tì mí lójú jù nìyẹn.


Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9 Oṣù Keje

Ọjọ́ karùn-ún tí mo ti ń jẹun. Ẹ̀kọ gbígbóná àti àkàrà láàárọ̀, ẹ̀bà lọ́sàn-án. Oòrùn yọ díẹ̀. Mo ro àyíká ebè mọ́kànlá, n kò sì sinmi. Ẹnìkan fi ọ̀kadà ta ẹrẹ̀ sí mi láṣọ, mo ní kí ó rọra. Ó dúró, ó ń wò mí bí ẹni tó rí iwin.

Lórí ebè ni mo ti rántí ìyá mi. Ọmọ ìlú Ṣóṣàn ni. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, lọ́dọọdún tí iṣu bá ti tán, ìyá mi á di ẹrù, á mú àbúrò mi pọ̀n, á lọ sí Ṣóṣàn. Wọ́n máa ń sọ fún mi pé ó lọ bá ìyá rẹ̀ wa ẹ̀pà. Mo gbà wọ́n gbọ́. Ó máa ń padà tí a bá ti jẹ iṣu tuntun. Èmi ni àkọ́bí, èmi ni wọ́n máa ń fi sílẹ̀ ti bàbá mi.

Lónìí ni ó yé mi pé ìyá ìyá mi kò ní oko ẹ̀pà. Arọ ni. Kì í jáde ní yàrá.


Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 13 Oṣù Keje

Mo lọ sí Ìkàrẹ́. Tísà bá mi lọ, ìwé yìí wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọkọ̀ dúró pẹ́ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè nítorí tírélà kan tó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Mo ti jẹun kí a tó kúrò nílé.

Bísọ́lá àbúrò Christiana ló ṣílẹ̀kùn. Kò kúnlẹ̀ dáadáa. Ó ní, "Ẹ káàbọ̀, Bàbá Bọ̀dé. Wọ́n wà lẹ́yìn." Christiana ń bó ẹ̀gúsí. Ó kí mi, ó kí Tísà, kò dá ọwọ́ dúró.

Mo ní kí Tísà ka ìwé fún un. Ó kà á láti ìbẹ̀rẹ̀, ti òǹtẹ̀ pupa, ti Yínúsà, ti ìyá mi. Mo rí i pé ọwọ́ rẹ̀ dúró díẹ̀ níbi ti ìyá mi. Inú mi dùn. Mo rò pé ó ti parí.

Mo ní, "Ìyá Bọ̀dé, o ti gbọ́. Nọ́ọ̀sì náà sọ ọ́. Kì í ṣe èmi ló sọ ọ̀rọ̀ yẹn sí ọ. Ebi ló sọ ọ́."

Ó gbọn èèpo kúrò ní itan rẹ̀. Ó ní, "Ṣé ebi ló ka ọdún mẹ́sàn-án?"

Mo wo ìwé ọwọ́ Tísà.

"Ebi kò mọ nǹkan kà, Bàbá Bọ̀dé. Ebi kàn ṣílẹ̀kùn ni. Ohun tó jáde, inú ilé ló ti ń gbé tẹ́lẹ̀."

Bísọ́lá wò mí, ó ní, "Ẹ gbà á bẹ́ẹ̀." Christiana ní kí ó dákẹ́, kí ó lọ bu omi fún Tísà.

Nígbà tí a délé, Tísà kò bi mí. Mo ní kí ó kọ ọ̀rọ̀ tí mo ní kí ó má kọ. Òun náà nìyí. Mo da ẹ̀bà fún adìyẹ, mo sì sọ níwájú àwọn obìnrin méjì yẹn pé: obìnrin tó fi ọdún mẹ́sàn-án wá ọmọ, tó jẹ́ pé ẹyọ kan ṣoṣo ló rí bí, kí ló mọ̀ nípa bíbọ́ èèyàn?

Nínú ọdún mẹ́sàn-án yẹn, n kò fi í bú u rí lẹ́ẹ̀kan. Ẹbí mi ní kí n fẹ́ ìyàwó mìíràn, mo kọ̀. Ìlú yìn mí. Èmi náà yin ara mi. N kò mọ̀ pé mo ń kà á.


Ọjọ́ Àìkú, 14 Oṣù Keje

N kò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo jẹ ìrẹsì. Ikùn mi yó, ojú sì ń tì mí. Nọ́ọ̀sì kò sọ èyí fún mi.


Ọjọ́ Ajé, 22 Oṣù Keje

Òjò ọjọ́ mẹ́ta. Iṣu méjì ti jẹrà nínú ebè ìsàlẹ̀. Mo ń jẹun lẹ́ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́. N kò ti ilẹ̀kùn mọ́. Yínúsà gba iwájú kọjá, ó rí mi pẹ̀lú ẹ̀bà lọ́wọ́, ó ní, "Sakaráyà, ṣé wọ́n ti gba oko lọ́wọ́ rẹ ni?" Mo ní kí ó fọwọ́ kí ó wá jẹ. Ó jẹ ju mí lọ.

Mo ní kí ó bá mi dá sí ọ̀rọ̀ Christiana, kí ó lọ bẹ̀ ẹ́. Ó lá ọwọ́ rẹ̀. Ó ní, "Ṣé èmi ni mo sọ ọ́?"


Ọjọ́ Àìkú, 28 Oṣù Keje

Mo jẹ ọ̀dùnkún àti ẹyin méjì kí n tó jáde. Mo jẹ ẹ́ tán, mo dúró kí ó lọ sílẹ̀.

Lẹ́yìn ìsìn, àwọn obìnrin ẹgbẹ́ jókòó sí abẹ́ igi máńgòrò fún ìpàdé wọn. Mo lọ bá wọn. Ọkùnrin kì í débẹ̀. Ìyá Happiness ní, "Bàbá, ṣé kò sí nǹkan? Ẹ ti jẹun?" Mo rò pé ó fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ ni, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín.

Mo ní mo ti jẹun, ìdí nìyẹn tí mo fi wá. Mo tún ọ̀rọ̀ náà sọ níwájú wọn gbogbo, ọdún mẹ́sàn-án àti ẹyọ kan ṣoṣo, bí mo ṣe sọ ọ́ níjọ́ kìíní. Mo ní ẹ̀yin méjì gbọ́ ọ, ẹ̀yin yòókù gbọ́ nípa rẹ̀. Mo ní ebi kọ́. Mo ní èmi ni, mo ti ní in nínú fún ọjọ́ pípẹ́, mo sì ń jẹ ìyìn lé e lórí. Mo ti rò pé tí mo bá sọ ọ́ tán, ara máa fúyẹ́.

Ìyá arúgbó kan ní ẹ̀yìn ní, "Ó ṣeun." Ìyẹn nìkan. Wọ́n padà sí ìpàdé wọn.

N kò mọ̀ bóyá wọn yóò sọ fún un. N kò ní kí wọ́n sọ ọ́.


Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6 Oṣù Kẹjọ

Christiana wọlé lọ́sàn-án yìí pẹ̀lú báàgì kan. Ó wo ilé ìdáná, ó wo abẹ́ ìkòkò omi, ó mú ìgbálẹ̀. Nígbà tí Tísà jókòó tì mí láti kọ ti òní, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Kí ni ẹ ṣì ń kọ?"

Mo ní ohun tí mo jẹ ni, àti bí inú mi ṣe rí.

Ó ní, "Ẹnikẹ́ni kò bèèrè bí inú tèmi ṣe rí."

Ó fa àpótí, ó jókòó. "Tísà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́. Christiana jẹ mọ́ínmọ́ín méjì kí ó tó wọkọ̀ ní Ìkàrẹ́. Ikùn rẹ̀ yó dáadáa. Kò tíì dárí jì í. Òjò ló ń jò sí yàrá tí wọ́n fún un lọ́dọ̀ Bísọ́lá, òun ló jẹ́ kí ó wá."

Tísà wò mí, kálàmù rẹ̀ wà lókè. Mo ní kí ó kọ ọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́.